Omi Tí Mo Ní Kí Ìyá Àgbà Dà Sí Òkìtì

Irúgbìn ẹ̀fọ́ gbọ̀mà tí ìyá àgbà ní kò ju ohun tí yóò kún ìdérí ìgò kan lọ. Inú àkísà funfun ni wọ́n dì í sí, wọ́n po eérú mọ́ ọn kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, wọ́n sì so ó mọ́ òkè àjà ilé ìdáná níbi tí èéfín yóò ti máa kàn án. Ìyá tó bí wọn ló gbé e wá láti Tówé nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ewé gbọ̀mà tí à ń rà ní ọjà Pobẹ̀ máa ń korò díẹ̀ tí òjò bá dín kù. Èyí kì í korò. Mo mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ tí ìdílé gbogbo máa ń sọ nípa ẹ̀fọ́ ilé wọn nìyẹn, nítorí náà n kò gbà á gbọ́ títí mo fi tọ́ méjèèjì wò lọ́jọ́ kan náà. Òótọ́ ni. Kì í korò.

Ilẹ̀ ni ìṣòro wa. Ẹsẹ̀ ti ń dun ìyá àgbà láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta, wọn kò lè rìn dé oko mọ́, ẹ̀yìn ilé nìkan ló kù. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé náà pupa, ó sì le, nítorí pé àràárọ̀ ni a ń gbá a. Ewé tó bá já bọ́ láàárọ̀, a ó gbá a jọ, a ó sun ún kí oòrùn tó mú. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbin èyí tó pọ̀ jù nínú irúgbìn náà síbẹ̀. Ó hù, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì kú kí ó tó so. Àwọn ẹbí wa tó wà ní Tówé ti sọ tiwọn nù. Irúgbìn inú agolo ni wọ́n ń rà báyìí. Bí èyí tó kù nínú àkísà bá kú, ó tán nìyẹn. Bí a kò bá sì gbìn ín lọ́dún yìí, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá yóò tún hù lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí irúgbìn náà ń darúgbó.

Èmi ni mo sọ pé mo lè ṣe ilẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba lísáǹsì, oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, nínú ìmọ̀ jọ́gíráfì. Iṣẹ́ tí mo rí kò ju ti olùkọ́ onígbà díẹ̀ lọ, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ní Sàkétẹ́ níbi tí ìyá mi ń gbé. Láti ọjọ́ Ajé di Ọjọ́rú mo máa ń wà ní Sàkétẹ́. Ọjọ́ tó kù, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mo ń wà ní Pobẹ̀. Ẹni tó ní ìwé tí kò tíì ní iṣẹ́ gidi máa ń wá ohun tí yóò fi hàn pé ìwé náà wúlò. N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni nígbà náà, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tó sún mi sí i.

Mo wo fídíò mẹ́ta lórí fóònù, mo sì ka ìwé pẹlẹbẹ kan lédè Faransé lórí ohun tí wọ́n ń pè ní kọ̀ńpọ́sì: bí a ṣe ń kó ewé gbígbẹ, èèpo oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹran jọ kí wọ́n lè jẹrà di ilẹ̀dú. Ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa gbà. Èkejì ní oṣù mẹ́ta. Ẹ̀kẹta ní oṣù mẹ́fà, ó sì ní irọ́ ni ẹni tó bá sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń pa. Ìwé pẹlẹbẹ náà kò dá ìgbà kankan. Ó ní imú àti ọwọ́ ni kí á fi mọ̀ ọ́n. Èyí ló bọ́gbọ́n mu jù lójú mi, òun náà ló sì bà mí lẹ́rù jù, nítorí pé imú mi àti ọwọ́ mi kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?" ìyá àgbà bi mí.

"Mo kà á, ìyá."

"Mo ní ṣé o mọ̀ ọ́n."

"A ṣì ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ààbọ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, yóò ti jiná."

Wọ́n wo òkè àjà, níbi tí àkísà náà so rọ̀ sí. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin lẹ kàwé."

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni. Mo fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà kékeré lábẹ́ igi máńgòrò. Mo tẹ́ ewé gbígbẹ sísàlẹ̀, mo kó pòpórò àgbàdo lé e, lẹ́yìn náà èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìgbẹ́ ewúrẹ́, mo sì tún kó ewé lé e. Obìnrin oníṣòwò kan, ọmọ Nàìjíríà, ló háyà yàrá iwájú ilé wa. Bàtà rọ́bà ló ń tà lọ́jà. Alájà ni gbogbo wa ń pè é. Ó jáde, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó wò mí títí.

"Tíṣà, ewúrẹ́ wo lo fẹ́ so síbẹ̀?"

"Kì í ṣe ewúrẹ́, Alájà. Ìdọ̀tí ni."

"Ìdọ̀tí lo kọ́lé fún?" Ó yíjú sí ìyá àgbà. "Ìyá, ẹ wá wò ó o! Èmi ń sanwó yàrá, ìdọ̀tí ń gbé ọ̀fẹ́."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá ọ̀rá omi, bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì àti ẹsẹ̀ bàtà rọ́bà kan nínú òkìtì náà. Lójú gbogbo ará ilé, ohun tó bá ti jọ ààtàn, ààtàn ni, ààtàn kì í sì í kọ ohun tí a bá gbé wá. Mo yọ wọ́n kúrò, mo ṣàlàyé. Lọ́jọ́ kẹta mo tún bá ọ̀rá. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó gbà pé irú ààtàn kan lè wà tí í máa kọ nǹkan. Lójú Alájà, ìgbéraga gbáà ni.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, mo ki ọ̀pá irin bọ àárín òkìtì náà. Nígbà tí mo yọ ọ́, ó gbóná. Mo gbé e fún ìyá àgbà, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án.

"Ibà ń ṣe é."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ìyá. Ohun tó ń jẹrà ló ń gbóná."

"Kó má ṣáà jó ilé mọ́ wa lórí."

N kò rò ó tẹ́lẹ̀ pé ó lè jó. Láti ọjọ́ náà, òkìtì yẹn ni mo kọ́kọ́ ń lọ wò láàárọ̀ kí n tó fọ ojú. Tí ó bá gbóná, ẹ̀rù iná ń bà mí. Tí kò bá gbóná, ẹ̀rù ń bà mí pé ó ti kú. N kò rántí ọjọ́ kan tí bó ṣe gbóná sí tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọyẹ́ wá dé, gbogbo nǹkan gbẹ. Ìwé pẹlẹbẹ náà ní òkìtì gbọ́dọ̀ máa tutù bí àkísà tí a fún, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ jìnnà sí wa, orí ni a fi ń rù ú. Lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù kìíní, mo ti gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, zẹ́mì tí yóò fi alùpùpù gbé mi lọ sí Sàkétẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọn fèrè. Mo sáré sọ fún ìyá àgbà pé tí òkìtì bá ti gbẹ, kí wọ́n bá mi wọ́n omi sí i.

"Omi wo? Omi tí à ń rù wá mu?"

"Omi yòówù, ìyá. Omi yòówù ló dáa."

Mo rántí ọ̀rọ̀ náà dáadáa nítorí pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà wá. Èmi tí mo máa ń béèrè ẹ̀rí lẹ́nu gbogbo èèyàn, tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n má kọ "gbogbo" níbi tí "díẹ̀" bá tó, èmi ni mo sọ pé omi yòówù. Mo sọ ọ́ nítorí pé alùpùpù ń dúró dè mí.

Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kejì, òkìtì náà ti tutù pátápátá. Ó ti dúdú, ó sì ti lọ sílẹ̀ dé ìdajì, èyí tó dára. Ṣùgbọ́n ó ń rùn kíkan, àwọn ekòló tí mo ti rí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sí mọ́. Ìwé pẹlẹbẹ náà ní òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò ló yẹ kí n gbọ́. Mo gbọ́ òórùn kan tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n n kò rántí ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e ni mo rántí. Mo ti Sàkétẹ́ dé láàárọ̀, mo bá ìyá àgbà àti obìnrin àdúgbò méjì ní ẹ̀yìn ilé, wọ́n ń ṣe gàrí. Wọ́n ti rin ẹ̀gẹ́, wọ́n ti dà á sínú àpò, wọ́n ti gbé òkúta lé e, omi funfun ń ro jáde lára àpò sínú abọ́ ńlá kan. Nígbà tí abọ́ náà kún, ìyá àgbà dìde, wọ́n gbé e, wọ́n tiro lọ sí abẹ́ igi máńgòrò, wọ́n sì dà á sórí òkìtì díẹ̀díẹ̀, yíká yíká, bí ẹni ń bu omi fún aláìsàn.

"Ìyá! Kí lẹ dà síbẹ̀?"

"Omi tí o ní kí n máa dà."

"Omi ẹ̀gẹ́?"

"Omi yòówù lo wí."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí o ti wí i ni. Ọjọ́ tí a bá ti tẹ ẹ̀gẹ́." Wọ́n gbọn abọ́ náà gbẹ. "Àbí kí n máa fi omi mímu ṣòfò?"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ẹ̀yìn ilé wa, ojú ọ̀nà tóóró kan wà tí omi ẹ̀gẹ́ máa ń gbà ṣàn lọ tẹ́lẹ̀. Koríko kì í hù níbẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, n kò béèrè rí ìdí tó fi mọ́ tónítóní bẹ́ẹ̀. Mo dúró, mo ń wò ó.

Mo tún padà sórí fóònù. Ẹnì kan ní májèlé inú omi ẹ̀gẹ́ máa ń fò lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹlòmíràn ní ó máa ń pa ẹja. Ẹnì kẹta ní òun fi ṣe ajílẹ̀ lẹ́yìn tí òun jẹ́ kó sinmi, àgbàdo òun sì ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n kò sọ iye ọjọ́ tó fi sinmi. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa òkìtì tí wọ́n ń da omi ẹ̀gẹ́ tútù sí fún ọ̀sẹ̀ tó lé ní mẹ́fà. Mo rò ó síwá sẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé ó ti fò lọ. Ó lè jẹ́ pé kíkan rẹ̀ ló burú, kì í ṣe májèlé. Ó lè jẹ́ pé kò ṣe nǹkan kan. Mo bẹ ìyá àgbà kí wọ́n má dà á mọ́, n kò sọ ìdí rẹ̀, wọn kò sì béèrè.

Mo wá agolo mílíìkì méjì. Mo bu ilẹ̀dú mi sínú ọ̀kan, mo bu ilẹ̀ pupa lásán sínú èkejì, mo gbin ẹ̀wà mẹ́wàá mẹ́wàá sí wọn, mo sì gbé wọn pamọ́ sẹ́yìn balùwẹ̀. Nínú ilẹ̀ lásán, mẹ́sàn-án hù. Nínú tèmi, mẹ́rin. Etí ewé àwọn mẹ́rin náà sì ti jó.

Agolo méjì kéré láti fi ṣèdájọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà kì í ṣe gbọ̀mà. Mo ń sọ gbogbo èyí fún ara mi, mo sì ń mọ̀ pé ẹni tó ń wá ọ̀nà àbáyọ ló ń sọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi dákẹ́. Tí a bá ń jẹun, n kì í lè wo òkè àjà.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹta. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo àdúgbò ti mú ọkọ́. Mo wọ ilé ìdáná, mo bá ìyá àgbà tí wọ́n jókòó lórí àpótí, àkísà funfun náà wà lórí itan wọn, wọ́n ń tú u.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tú u."

Wọ́n dáwọ́ dúró.

"Ilẹ̀dú yẹn ò dára. Mo fi ẹ̀wà dán an wò. Mẹ́wàá ni mo gbìn, mẹ́rin ló hù."

"Ìgbà wo lo rí i bẹ́ẹ̀?"

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́jọ."

"Ọjọ́ mẹ́jọ lo fi ń jẹ ẹ̀bà mi, o ń wò mí lójú."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin mọ̀ pé omi ẹ̀gẹ́ máa ń pa koríko?"

"Mo mọ̀ ọ́n kí n tó bí ìyá rẹ."

"Kí ló wá dé tí ẹ dà á?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà yà wọ́n lẹ́nu. "Ìwọ lo ní omi yòówù. Mo ní bóyá ìwé ti rí ohun tí àwa ò rí."

Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn, ìyẹn ló sì mú kó nira. Ká ní wọn kò mọ̀ ni, à bá pín ẹ̀bi náà sí méjì. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀. Wọ́n gbé ohun tí wọ́n mọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé èmi ni mo sọ̀rọ̀, èmi kò sì fìgbà kan bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀.

Wọ́n tún àkísà náà dì. "Dìde nílẹ̀, ọkọ mi. Ní Tówé, ibi tí a bá ti tẹ ẹ̀gẹ́, a kì í gbin nǹkan síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi hu nǹkan fúnra rẹ̀. Tú òkìtì yẹn ká kí òjò pa á. Lọ́jọ́ tí ewé kan bá hù níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, a ó gbìn."

"Ó lè jẹ́ pé èpò lágbára ju gbọ̀mà lọ, ìyá."

"Ó lè jẹ́."

"Tí nǹkan kan ò bá hù ńkọ́?"

"A jẹ́ pé kò hù."

Mo tú u ká, mo fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀ pupa, mo fi ṣe ebè kan ṣoṣo. Mo wá ń wọn ọ̀rọ̀ ìyá àgbà bí mo ti wọn ti àwọn fídíò. Òun náà kò ní ẹ̀rí tí mo lè kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí àwọn yòókù kò ní: ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti dúró, ó ti wò ó, ebi ìbá sì pa á ká ní ó ṣì í.

Òjò rọ̀, ó dá, ó tún rọ̀. Gbọ̀mà àwọn aládùúgbò ti yọ ewé mẹ́rin. Ebè tiwa dúdú lásán, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Láti Sàkétẹ́ ni mo ti ń pe Pobẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. "Ṣé nǹkan ti hù?" "Rárá." Ìyá mi, tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ níbi tó ti ń ro ẹ̀kọ, wò mí.

"O ò tíì bi ìyá mi bí wọ́n ṣe sùn. Ṣé àwọn lò ń pè ni, àbí ilẹ̀?"

Ojú tì mí. Mo tún pè, mo béèrè nípa ẹsẹ̀ wọn. Ìyá àgbà ní ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, pé nǹkan kan ò sì tíì hù.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, láàárọ̀ Sátidé, mo ń fọ eyín lọ́wọ́ nígbà tí Alájà ké láti ẹ̀yìn ilé. "Tíṣà! Tíṣà o! Wá wo àlejò ọ̀fẹ́ rẹ, ó ti bímọ!"

Mo sáré débẹ̀ pẹ̀lú ìfófòó lẹ́nu. Tẹ̀tẹ̀ méjì ló hù létí ebè, tín-ín-tín, ìdí wọn pupa. Ní àárín, tòmátì kan, láti inú èèpo tí a dà síbẹ̀ kí ọdún tó yí. Mo kúnlẹ̀ wò wọ́n. Mo yẹ etí ewé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó jó.

Ìyá àgbà gbé àkísà náà wá. Wọ́n tú u, wọ́n fi èékánná pín irúgbìn náà sí méjì, wọ́n tún di ìdajì padà. "Èyí ń padà sókè," ni wọ́n wí, wọ́n sì da ìyókù sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo ní kí wọ́n gbìn ín fúnra wọn. Wọ́n ní ẹ̀yìn wọn kò tẹ̀ mọ́. Mo fi ìka gbẹ́ ihò kéékèèké sórí ebè, mo sì gbìn ín.

Ọjọ́ kẹsàn-án, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kọkànlá, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kẹtàlá, mẹ́ta yọ. Gbogbo wọn wá di mẹ́rìnlá. Márùn-ún kú, mẹ́sàn-án yè. Ìyá àgbà so okùn pupa mọ́ mẹ́ta tó tóbi jù nínú wọn: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ já ewé wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ so kí wọ́n sì gbẹ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, méjì ti so, èso wọn ṣì tutù. N kò tíì lè sọ pé irúgbìn náà ti bọ́ nínú ewu. N kò sì lè sọ bóyá òjò ló fọ ilẹ̀ náà, tàbí ọjọ́ tó kọjá, tàbí pé omi ẹ̀gẹ́ náà kò burú tó bí mo ṣe rò. Ìdajì tó wà lókè àjà ni mo ṣì ń wò tí mo bá fẹ́ fọkàn balẹ̀.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ òkìtì kejì. Lánàá, ìyá àgbà tiro wá síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, wọ́n dúró.

"Omi tí mo fi fọ aṣọ ni. Ọṣẹ dúdú ló wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n dà á?"

"N kò mọ̀, ìyá. Kí lẹ̀yin rò?"

Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n yí padà, wọ́n lọ dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.